Bíréèkì Ìjàpá: kì í ṣe láínìn nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró

Ẹni tó bá jogún Ìjàpá, Volkswagen Beetle yẹn tí àwọn bàbá wa ń wà káàkiri, tàbí tó lọ ra ọ̀kan tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé "bíréèkì ọkọ̀ yìí ò dáa, ti ayé àtijọ́ ni, ẹ yáa fi dísìkì, bíréèkì alàwo irin ti òde òní, sí i." Mo ti gbọ́ ọ débi tó sú mi. Irọ́ ni o. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe jáde tó 21,529,464 kí èyí tó gbẹ̀yìn tó jáde ní Mexico lọ́dún 2003, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, bíréèkì dúróòmù, èyí tó wà nínú irin tó rí bí ìkòkò, ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ń dúró. Tiyín náà máa dúró.

Ohun tó ń bà á jẹ́ fún wa ni pé bíréèkì dúróòmù ò ṣe é tún ṣe ní ìdajì. Láínìn, awọ tó ń ha dúróòmù kó lè dúró, la máa ń rí, láínìn la máa ń pààrọ̀, gbogbo nǹkan yòókù tó ń bá láínìn ṣiṣẹ́ la máa ń dá padà síbẹ̀ bó ṣe wà, tòun ti ìpẹtà ẹ̀ àti rọ́bà tó ti kú. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn. Ìjàpá bàámi, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó ni wọ́n ti tò ó, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lọ́dún 1975. Láàárín oṣù mẹ́jọ mo pààrọ̀ láínìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn tí mo tẹ bíréèkì, ṣe ni ọkọ̀ máa ń fẹ́ lọ fẹnu ko gọ́tà ọwọ́ òsì. Àfi ìgbà tí bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tún Ìjàpá ṣe látìgbà tí Ìjàpá ṣì jẹ́ ọkọ̀ tuntun bá mi tú u, tó gé họ́ọ̀sì kan sí méjì, tó ní kí n fi ojú kan wo ihò ẹ̀. Màá padà síbi họ́ọ̀sì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa gbà. Ẹ rò ó bí ìkòkò tó ń yí, tí ẹ wá ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀, tẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara ìkòkò náà láti inú síta kó má baà yí mọ́. Ìkòkò yẹn ni dúróòmù, ó ń bá táyà yí. Ọwọ́ méjèèjì ni ṣúù, irin méjì tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, láínìn sì ni awọ tó wà lẹ́yìn irin yẹn tó ń ha ara dúróòmù. Tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ̀dáàlì, pẹ̀dáàlì á ti písítìnì tó wà nínú másítà sílíńdà, másítà á ti ọ́ìlì gba inú páìpù, ọ́ìlì á dé inú sílíńdà kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn náà ní písítìnì méjì tó máa tú jáde lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á ti ṣúù méjèèjì lọ bá dúróòmù. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, sípíríǹgì á fà wọ́n padà. Ó tán.

Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀, òun ló sì dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mú igi gígùn kan, ẹ máa tì í níwájú yín lórí ilẹ̀ tí ò tẹ́jú, ẹ máa rí i pé á máa gúnlẹ̀, á máa há, bẹ́ ẹ ṣe ń tì í náà lá máa le sí i. Ẹ wá yí i padà kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ tẹ̀ lé yín, á kàn máa yọ̀ bọ̀ lẹ́yìn yín ni. Bí ṣúù méjèèjì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn, yíyí tí dúróòmù ń yí ló ń fà á wọlé sí ara dúróòmù, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ó fi tiẹ̀ kún un. Èkejì, yíyí yẹn ń tì í kúrò ni. Ìdí nìyí tí bíréèkì Ìjàpá fi lè dúró láìní ẹ̀rọ kankan tó ń bá ẹsẹ̀ yín tì í bíi ti ọkọ̀ òde òní, ìdí nìyí náà tí láínìn kan fi máa ń jẹ tán ju ìkejì lọ lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ má bínú sí ẹni tó ta láínìn fún yín. Àbùkù tó wà lára ẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá bà jẹ́ lẹ́sẹ̀ kan, fífà yẹn á sọ ọ́ di ńlá. Epo díẹ̀ lára láínìn apá ọ̀tún, ọkọ̀ ti ń lọ apá òsì nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ̀mí ni mò ń sọ o. Eruku dúdú tó wà nínú dúróòmù àtijọ́, asbestos wà nínú ẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe láínìn láyé ìgbà yẹn. Eruku yẹn tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, nígbà tẹ́ ẹ ti gbàgbé pé ẹ tún bíréèkì kankan ṣe. Mo máa ń rí àwọn ọmọṣẹ́ tó ń fẹnu fẹ́ ẹ, tàbí tí ọ̀gá wọn ń fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dúdú, inú mi kì í dùn rárá. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi rin ín, kó rin dáadáa, kẹ́ ẹ fi àkísà nù ún, kẹ́ ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ jù ú nù. Ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Ó yá, ká tú u. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń dá èèyàn lágara, torí nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín ẹ̀, sípánà 36 ni, wọ́n sì le e gan-an, tó nǹkan bíi 300 Nm, ìyẹn bí ìgbà tí èèyàn tó wúwo tó 30 kílò bá dúró sí ìdí páìpù tó gùn ní mítà kan. Tó bá wá jẹ́ pé láti 1980 ni wọn ò ti tú u, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ pínnì tó wà lórí ẹ̀, ẹ wá páìpù gígùn ki sí ìdí sípánà, ẹ sì tú u nígbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi òkúta há táyà. Ẹ má gbé ọkọ̀ sórí jáàkì kẹ́ ẹ tó máa fi agbára fà á, á ṣubú lé yín lórí. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé jáàkì ò tó gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró tó dáa tàbí igi líle kẹ́ ẹ tó yọ táyà. Ní ti ẹsẹ̀ iwájú, bẹ́árìn wà nínú dúróòmù fúnra ẹ̀, nọ́ọ̀tì apá òsì sì ń tú lódì, bẹ́ ẹ bá yí i bẹ́ ẹ ṣe máa ń tú nọ́ọ̀tì, ṣe lẹ̀ ń le e sí i. Wáyà tó ń ka máìlì náà gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹ yọ pínnì kékeré tó wà níwájú ìdérí gírísì kẹ́ ẹ tó fa ìdérí náà.

Tí dúróòmù bá kọ̀ tí ò jáde, ẹ má tíì gbé òòlù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣúù ló ti jẹ dúróòmù wọnú tó fi ní ètè létí, ètè yẹn ló ń há ṣúù mọ́lẹ̀. Ẹ dá àdíjọ́sítà, ìràwọ̀ irin kékeré tó ń sún ṣúù, padà kí ṣúù sún wọlé, ẹ tú hándìbíréèkì sílẹ̀, á bọ́.

Nígbà tó bá bọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan ná. Ẹ ya fọ́tò, torí tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá àwọn sípíríǹgì yẹn padà lọ́jọ́ kejì ẹ ò ní mọ èyí tó lọ síbo mọ́. Ẹ wá wo ibi tó tutù. Tí ara ṣúù bá rin, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó rin ín, torí ọ̀tọ̀ ni oògùn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka mú díẹ̀ sínú omi: ọ́ìlì bíréèkì á pò mọ́ omi, ọ́ìlì jíà á léfòó, á sì máa rùn bí imí ọjọ́. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì, sílíńdà kékeré yẹn ló ń jò. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì jíà, ìyẹn lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, sílì ìdí áàsù, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì jíà mọ́nú, ló ti lọ, tẹ́ ẹ bá fi láínìn tuntun tó dára jù láyé sí i láìṣe sílì yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á tún rin. Láínìn tó bá sì ti mu epo, ẹ má fọ̀ ọ́ ní pẹtiróòlù kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Lójú á gbẹ, àmọ́ tí bíréèkì bá gbóná, epo á tún yọ jáde láti inú. Ẹ jù ú nù, àti ti ẹsẹ̀ kejì, torí ọ̀tún àti òsì la jọ ń pààrọ̀.

Dúróòmù ló kàn. Ti Ìjàpá, ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní pàtàkì, 230 mìlímítà ni inú ẹ̀ nígbà tó jẹ́ tuntun. Tí pẹ̀dáàlì bá máa ń ta ẹsẹ̀ yín, tó ń lu ẹsẹ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan bí táyà ṣe ń yí, dúróòmù ò rí róbótó mọ́ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo léètì, ẹ̀rọ tó ń fá irin, wọ́n á fá a, àmọ́ ó ní iye tí wọ́n lè fá a dé, ìwé ọkọ̀ yín á sọ iye ẹ̀, tó bá kọjá ibẹ̀ dúróòmù ti tín-ínrín jù, á máa gbóná kíá, ó sì lè là. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pé méjèèjì ni kí wọ́n fá, kí wọ́n bára dọ́gba.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ti ń ṣi owó wa ná rèé. Tí wọ́n bá ti fá dúróòmù, inú ẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Láínìn tuntun tẹ́ ẹ rà lọ́jà Àràròmí tàbí Ládipọ̀, ti dúróòmù tí wọn ò fá ni wọ́n ṣe é fún, ìtẹ̀ ẹ̀ kéré sí ti dúróòmù, torí náà àárín láínìn nìkan ló máa kan dúróòmù, etí méjèèjì á wà lófuurufú. Ọkọ̀ ò ní dúró, ẹ máa sọ pé fèékì ni láínìn, ẹ máa lọ bá ọlọ́jà jà. Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀: ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ kun inú dúróòmù, ẹ gbé ṣúù sínú ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kẹ́ ẹ sún un síwá sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gbé e jáde. Ibi tó funfun lára láínìn ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí bàbá yẹn ṣe é níwájú mi, ibi tó funfun lára tèmi ò ju ìka mẹ́ta lọ ní àárín gbùngbùn, ìyókù dúdú kirimú. Owó láínìn odidi ni mo san, ìka mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ fún mi. Àwọn tó ń fi rífẹ́ẹ̀tì kan láínìn mọ́ ṣúù lè bá yín wá èyí tó nípọn jù, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ kó bá inú dúróòmù yẹn gan-an mu. Bí wọ́n bá ń kan án, ẹ rí i pé orí rífẹ́ẹ̀tì wọnú dáadáa, tí ò ga bá ojú láínìn, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ irin á máa ha irin.

Ní ti sílíńdà kékeré, ẹ ká rọ́bà etí ẹ̀ sókè, tí ọ́ìlì bá ti wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ti ń jò. Tí inú ẹ̀ bá dán, rọ́bà tuntun ti tó. Tí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò kéékèèké síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ odidi ẹ̀, sáńpépà ò lè yanjú ẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi pẹtiróòlù, kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan rọ́bà bíréèkì, ṣe ló máa wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, á sì há mọ́ inú sílíńdà. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, tàbí sípíríìtì.

Họ́ọ̀sì wá nìyí, èyí tí mo ní màá padà sí. Rọ́bà ni, ó so páìpù irin mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ lè máa yí láìgé páìpù. Tó bá ti gbó, òde ẹ̀ lè dán bí tuntun, inú ẹ̀ á ti wú pa. Èyí tí bàbá yẹn gé, abẹ́rẹ́ ìránṣọ lásán ló lè wọ ihò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ yín á ti ọ́ìlì kọjá lọ bá ẹsẹ̀ yẹn pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́, àmọ́ sípíríǹgì ò lágbára tó láti ti ọ́ìlì padà bọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn á wà nínú bíréèkì láti ilé dé ibi ẹ̀ ń lọ, á gbóná, láínìn ẹ̀ á jóná. Apá ọ̀tún tèmi ló ṣe bẹ́ẹ̀, láínìn ibẹ̀ ti jóná débi pé kò lè mú dúróòmù mọ́, apá òsì nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró, ìdí ẹ̀ rèé tó fi máa ń forí lé gọ́tà. Láínìn méjì ni mo sì ti fi ṣòfò lé e lórí! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò láìgé họ́ọ̀sì: ẹ gbé ẹsẹ̀ tó há sókè, ẹ tú orí nípùlù tí wọ́n fi ń yọ atẹ́gùn díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá fọ́n jáde tí táyà sì tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì ló há síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, họ́ọ̀sì ni. Tó bá jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lọ wo ìdí pẹ̀dáàlì, ó yẹ kí àlàfo bíi mìlímítà kan wà láàárín irin pẹ̀dáàlì àti písítìnì másítà, tí kò bá sí, másítà ò ní lè gba ọ́ìlì padà. Họ́ọ̀sì ò wọ́n, ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ́ìlì bíréèkì, èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára ike ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, ká má tíì sọ ti òjò. DOT 4 tuntun ò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ tó bá ti mu omi, ó lè máa hó ní 155°C, tó bá sì hó lórí òkè, èéfín ló kù nínú páìpù, pẹ̀dáàlì á kàn wọlẹ̀ ni. Torí náà, èyí tẹ́ ẹ ti ṣí tó ti pẹ́ nílé, ẹ má lò ó, ẹ má sì da èyí tẹ́ ẹ fà jáde padà. Ó máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀ pẹ̀lú, ẹ fi omi ṣan ibi tó bá ta sí kíá.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti tò ó padà, ẹ ṣe àdíjọ́sítà kẹ́ ẹ tó yọ atẹ́gùn. Ìjàpá kì í dá ara ẹ̀ ṣe o, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ irin méjì, ti ṣúù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tọ̀. Nínú àwọn tó dàgbà, ojú dúróòmù ni ihò ẹ̀ wà, nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ẹ̀yìn àwo irin ni, rọ́bà kékeré ló dí i. Ẹ jẹ́ kí wáyà hándìbíréèkì dẹ̀ ná. Ẹ fi súkúrúdíráfà yí ìràwọ̀ kan títí táyà ò fi ní yí mọ́, ẹ tẹ pẹ̀dáàlì lẹ́ẹ̀mejì kí ṣúù jókòó dáadáa, ẹ tún le e díẹ̀, ẹ wá dá a padà ní eyín méjì tàbí mẹ́ta títí táyà á fi yí fẹ́rẹ́. Ẹ ṣe ìkejì. Tí pẹ̀dáàlì bá wọlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ àmọ́ tó gòkè nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ibí yìí lẹ ò tíì ṣe tán. Tó bá ń rọ̀ bíi kànrìnkàn, atẹ́gùn ni. Tó bá dúró, àmọ́ tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ sì ti wò káàkiri tí nǹkan kan ò jò, rọ́bà inú másítà ló ti kú.

Yíyọ atẹ́gùn, ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí sítíárín bá wà lápá òsì, ẹ̀yìn apá ọ̀tún ni. Àmọ́ àwọn Ìjàpá tó wọlé kí Nàìjíríà tó yí sí apá ọ̀tún títì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, sítíárín ọ̀pọ̀ wọn wà lápá ọ̀tún, ẹ̀yìn apá òsì lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Ẹnì kan á wà nídìí pẹ̀dáàlì, ẹnì kan á wà nídìí táyà pẹ̀lú rọ́bà tó ń fojú hàn tí ẹ tì bọ inú ìgò tí ọ́ìlì wà. Ẹ tú nípùlù, kó tẹ̀ ẹ́, ẹ dì í, kó gbẹ́sẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo ní ni pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ máa dáhùn sókè, "mo ti tẹ̀ ẹ́", "mo ti gbẹ́sẹ̀", torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìgbà tí a ò sọ̀rọ̀ la fa atẹ́gùn padà wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ máa wo ike ọ́ìlì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, tó bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì 36 yẹn, ẹ le e padà dé 300 Nm nígbà tí ọkọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀. Tí ihò pínnì ò bá bára mu, ẹ túbọ̀ le e díẹ̀, ẹ má dẹ̀ ẹ́. Dúróòmù tó bá mì lórí áàsù á jẹ eyín inú ẹ̀ tán.

Láínìn tuntun kì í mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ọgbà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ọ̀nà tó dákẹ́, kẹ́ ẹ sáré dé 50, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí dé 20, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe é, tó ìgbà ogún. Ẹ má gbé e lọ sórí òkè lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má tíì wọlé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èjì iwájú á gbóná ju ti ẹ̀yìn lọ díẹ̀, àmọ́ ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ jọra. Èyí tó bá ń jó yín lọ́wọ́ tí èkejì ẹ̀ sì tutù, ẹ padà lọ síbi họ́ọ̀sì àti àdíjọ́sítà ẹsẹ̀ yẹn. Tèmi, ọ̀tún àti òsì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bákan náà, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì tí mo sọ̀kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá, ojú ọ̀nà tààrà ni imú ọkọ̀ kọ títí tó fi dúró.